Ẹ Má Fowó Ra Ariwo Ìbọn

 

Lẹ́tà kan ló bá mi lórí tábìlì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ìpàta, níbí ní Ìlọrin, ló ní kí ọmọ òun bá òun kọ ọ́. Ìyá ní: “Akọ̀ròyìn, ọmọ mi, wọ́n ní kí olúkúlùkù dá owó ládùúgbò wa kí a fi ra ìbọn fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ wa lóru. Mo ti dá tèmi. Láti ìgbà náà, ariwo ìbọn nìkan ni mò ń gbọ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé owó mi kò wọgbó?”

Ìyá, ẹ ṣeun. Ìbéèrè yín yìí ju ìwé mẹ́wàá tí mo kà lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń bèèrè rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Eruku, ní Kwara wa níbí, tí wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọgbó lọ, kò sí ọjà tí mo dé tí wọn kì í sọ̀rọ̀ ọdẹ àti ìbọn. Owó ń jáde lápò. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí ni owó náà ń rà?

Èmi gan-an ní ìdí tí mo fi fẹ́ mọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì títí di òní. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sóko gégi. Ọdẹ kan, aládùúgbò wa, rí ọ̀yà, ó yìnbọn. Ọ̀yà sá lọ. Àbúrò mi, tó wà lápá òsì lẹ́yìn ewé, ló ṣubú. Ọdẹ yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Òun ló gbé e dé ilé ìwòsàn, òun ló sì sunkún ju ìyá wa lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan tó sọ lọ́jọ́ náà kò kúrò létí mi. Ó ní: “Mo mọ̀ pé ìbọn mi máa ń fà sósì. Mo máa ń gbé e sọ́tùn-ún díẹ̀. Lónìí, mo kánjú, mo gbàgbé.”

Ó mọ̀! Ó mọ̀ pé ìbọn náà ń purọ́, ó sì ń bá a gbé bí ẹni ń bá ìyàwó oníjà gbé. Ìbéèrè tí mo gbé kiri nìyí: ṣé ìbọn tó ń fà sósì kò ṣe é tún ṣe ni?

Bàbá kan wà tí mo mọ̀, òṣìṣẹ́ reluwé tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá ní ìbọn kan tí ìwé àṣẹ wà lórí rẹ̀, eré ìdárayá ló sì ń fi í ṣe: ó máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, á máa ta àmì tó yà sórí páálí. Ìbọn náà kì í ṣe ṣakabùlà. Ẹ̀yin tí ẹ lọ wo fíìmù kábọ́ì ní sinimá rí, ẹ mọ irú rẹ̀. Irin kan tó rí bí òrùka ńlá wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ti ń dì í mú. Bí wọ́n bá yin ọta kan tán, wọ́n á ti irin náà sísàlẹ̀, wọ́n á fà á padà, ṣàkà-ṣàkà! Èèpo ọta tó ti jó á fò jáde, òmíràn á wọlé, láìgbé ìdí ìbọn kúrò ní èjìká.

Ẹ̀yin télọ̀, ẹ gbọ́ èyí. Oliver Winchester, ará Amẹ́ríkà tí òkìkí irú ìbọn yìí fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe tà kí ó tó bọ́ sínú òwò ìbọn. Ní 1866 ni àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jáde ní 1873. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1894 jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ John Browning, ọmọ alágbẹ̀dẹ ìbọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fojú tín-ín-rín iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ti Bàbá jẹ́ irú rẹ̀ kékeré, tí wọ́n ń pè ní .22, ọta rẹ̀ kò ju hóró àgbàdo lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí oòrùn tó mú, Bàbá gbé mi lọ síbi kòtò kan lọ́nà Ṣàó tí àwọn akọ́lé ti wa ilẹ̀ pupa rẹ̀ lọ. Ògiri ilẹ̀ tó kù níwájú wa ga ju ilé lọ. Mo ní, “Bàbá, ibí yìí mà jìnnà.” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọta kékeré yìí lè rìn ju kìlómítà kan lọ. Bí kò bá sí ilẹ̀ tí yóò gbà á, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò gbà á.” Mo dákẹ́. Mo rántí àbúrò mi.

Èrò mi ni pé Bàbá á dìde dúró bí kábọ́ì, á máa yìn ín gbàù-gbàù. Rárá o! Bàbá jókòó. Wọ́n gbé tábìlì kékeré kan sílẹ̀, wọ́n gbé àpò iyanrìn méjì lé e. Wọ́n wò ó bóyá ìbọn ṣófo. Wọ́n fún ìdè rẹ̀ le lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí bí igi ìdí ìbọn bá ń mì, kò sí ohun tí ènìyàn lè bá a wí. Wọ́n fi aṣọ nu òróró inú ihò rẹ̀, wọ́n ní ọta àkọ́kọ́ tó bá gba inú òróró kọjá kì í lọ síbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ. Gbogbo ọta tí wọ́n mú wá, inú páálí kan náà ni, nítorí bí oríṣi ọta bá yí padà, ibi tí yóò bà á yí padà pẹ̀lú. Wọ́n bo etí wọn, wọ́n bo tèmi náà.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n jókòó nígbà tó jẹ́ pé òòró ni wọ́n fẹ́ máa yìn ín. Ìdáhùn wọn ni mo gbé wá fún yín lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn. Wọ́n ní: “Mo fẹ́ mọ ohun tí ìbọn ń ṣe kí n tó mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe.”

Kò kọ́kọ́ yé mi. Bàbá wá ní, “Ìyá rẹ ń ta gàárì, àbí? Bí kóńgò bá ti tẹ̀ nídìí, báwo ló ṣe ń rẹ́ni jẹ?” Mo ní iye kan náà ló ń rẹ́ni jẹ nígbàkígbà tí wọ́n bá fi wọ̀n. “Bó bá wá jẹ́ pé kóńgò dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ń gbọ̀n ńkọ́?” Mo ní, nígbà mìíràn á pọ̀, nígbà mìíràn á dín. Bàbá rẹ́rìn-ín. “O ti mọ̀ ọ́n. Bí ọta mẹ́ta bá kó ara wọn jọ síbì kan, ṣùgbọ́n tí ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí mo wò, kóńgò ló tẹ̀: mo máa tún ojú ìbọn ṣe. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fọ́n káàkiri, ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n: ara mi ni mo máa tún ṣe. Ẹni tó bá ń lu kóńgò nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó máa ba kóńgò jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní sàn.”

Ẹ rí i? Ìdí tí wọ́n fi gbé ìbọn lé àpò iyanrìn nìyẹn, kí ọwọ́ má bàa dá sí i. Igi abẹ́ ìbọn ni wọ́n sì gbé lé iyanrìn, kì í ṣe irin gígùn ẹnu rẹ̀, nítorí bí irin bá kan nǹkan líle, á ta kúrò lára rẹ̀, ọta á sì gba ibòmíràn lọ.

Páálí ńlá ni Bàbá fi ṣe àmì, ó sì kọ́kọ́ gbé e sí ìṣísẹ̀ 25 péré. Wọ́n ní ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí ọta kò bá kan páálí rárá, kò ní mọ̀ bóyá òkè ló gbà àbí ìsàlẹ̀. Ìbọn náà ní ojú méjì: ọ̀kan lẹ́yìn tó ní kòtò kékeré, ọ̀kan níwájú tó dà bí orí abẹ́rẹ́. Orí abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ jókòó sí àárín kòtò, kí orí wọn dọ́gba. Orí abẹ́rẹ́ náà ni kí ojú ènìyàn mú ṣinṣin, kí àmì tó wà lọ́hùn-ún máa ṣe bàìbàì díẹ̀. Èmi ti rò pé àmì lèèyàn ń tẹjú mọ́!

Ó yìn ín. Èmi ní kí Bàbá tètè tún un ṣe, nítorí mo rí i pé ó gba òsì. Wọ́n ní, “Ẹlẹ́rìí kan kì í dá ẹjọ́.” Wọ́n yin méjì sí i. A rìn lọ wò ó. Ihò mẹ́ta kó ara wọn jọ, ẹnu ife tíì lè bò wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n wà lápá òsì, nísàlẹ̀ àmì. Kóńgò ló tẹ̀.

Ẹ wá wo iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Bàbá fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí ojú ẹ̀yìn wà, kí ó lè mọ ibi tí yóò padà sí bí ó bá ṣe é jù. Ó fi òòlù kékeré kàn án pẹ́ẹ́pẹ́ sápá ọ̀tún. Òfin rẹ̀ rọrùn: ibi tí o bá fẹ́ kí ọta lọ ni kí o sún ojú ẹ̀yìn sí. Ojú iwájú ló yàtọ̀, òdì kejì ni tirẹ̀: bí ọta bá ń gba òsì, òsì náà ni wàá sún òun sí. Fún òkè àti ìsàlẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan tó ní àtẹ̀gùn wà lábẹ́ ojú ẹ̀yìn. Bàbá fi gòkè ní ìpele kan, ọta sì gòkè.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí ó ti kéré tó. Bí ọta bá ṣìnà tó sẹ̀ntímítà 15 ní ìṣísẹ̀ 50, ohun tí ènìyàn máa sún lójú ìbọn gígùn bẹ́ẹ̀ kò tó mílímítà méjì. Mílímítà méjì, ẹ̀yin ènìyàn mi! Àbúrò mi ń tiro nítorí ohun tó tín-ín-rín bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ.

Ó yin mẹ́ta mìíràn, ó dára. A gbé páálí lọ sí ìṣísẹ̀ 50, ó tún yin mẹ́ta, ó sún un díẹ̀, mẹ́ta sí i, gbogbo rẹ̀ wọ àárín. Bàbá ní ibẹ̀ ni òun fi àdéhùn òun àti ìbọn sí. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọta á máa wálẹ̀ bí òkò tí ọmọdé jù, ẹni tó bá sì fẹ́ ta á níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dán an wò níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Bàbá tó dìde dúró. Ó fẹsẹ̀ méjèèjì dúró ní ìwọ̀n èjìká, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí àmì, ó sì fi ìgúnpá òsì ti egungun ìhà rẹ̀, kí egungun gbé ìbọn, kí iṣan má gbé e. Ó mí sínú, ó tu díẹ̀ jáde, ó dá ìyókù dúró. Kò já ohun tí ìka ń fà gbà bí ẹni já èso. Ńṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọsàn, títí ìbọn fi dún. Ó sì tún ń wo àmì lẹ́yìn tó ti dún, kò sáré gbé orí sókè. Lẹ́yìn náà, ṣàkà-ṣàkà, ìdí ìbọn kò kúrò ní èjìká.

A lọ wò ó. Ihò márùn-ún fọ́n ká tó ẹnu àwo ọbẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ tún ojú ìbọn ṣe.” Wọ́n wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀. “Ṣé o ti gbàgbé kóńgò? Ìbọn ti jẹ́wọ́ lórí tábìlì. Èyí tí o rí yìí, èmi ni. Bí mo bá tún un ṣe nítorí èyí, irọ́ ni mo fẹ́ kọ́ ọ.” Wọ́n fún mi ní ìbọn náà lófìfo kí n dì í mú lórí ìdúró. Há! Orí abẹ́rẹ́ náà ń jó kiri bí ẹni tó mu ògógóró. Wọn kò jẹ́ kí n yìn ín o, orúkọ mi kò sí nínú ìwé àṣẹ.

Mo wá bi wọ́n léèrè nípa ṣakabùlà, nítorí òun ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa. Bàbá ní inú ìbọn tòun ní ìlà tó yípo bí ti ìdè; ìlà yẹn ló ń mú ọta máa yí bí òkòtó, òkòtó tó bá sì ń yí kì í ṣubú. Inú ṣakabùlà ń dán bí páìpù omi, kò sí ohun tó ń yí ọta rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí hàn nígbà ogun Kírìjì, tó parí pátápátá ní 1893. Àwọn Èkìtì Parapọ̀, tí Ìlọrin wà lápá ọ̀dọ̀ wọn, rí ìbọn ìgbàlódé gbà láti Èkó nípasẹ̀ àwọn ọmọ wọn tó wà níbẹ̀. Ó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn láti ibi tí ṣakabùlà Ìbàdàn kò lè dé, àfi ìgbà tí Ìbàdàn náà wá tirẹ̀ rí.

“Ṣùgbọ́n,” Bàbá ní, “ṣakabùlà náà lè jẹ́wọ́. Kí ọdẹ máa fi ohun kan náà wọn ẹ̀tù nígbà gbogbo, kó má fọwọ́ bù ú. Kí ó gbé e lé iyanrìn, kí ó yin páálí ní 20 ìṣísẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá ń fà sósì, kí ó gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ kó bá a sún ojú iwájú rẹ̀. Kí ó sì mọ ibi tí ọta rẹ̀ ti ń fọ́n ká jù. Bí ẹran bá ti kọjá ibẹ̀, kí ó jẹ́ kí ẹran lọ.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Àti ẹni tó ta àbúrò rẹ, kì í ṣe ojú ìbọn nìkan ló jẹ̀bi. Kò wo ohun tó wà lẹ́yìn ewé.”

Ìyá Ìpàta, ẹ jẹ́ n dá yín lóhùn wàyí. Kí owó tó tún jáde lápò yín, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́rin.

Ìkíní, ìwé àṣẹ dà? Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìsí àṣẹ Ààrẹ: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun, ìbọn ìléwọ́. Ìbọn eré ìdárayá bíi ti Bàbá, ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá ni ìwé rẹ̀ ti ń wá. Ṣakabùlà náà kò gbọdọ̀ wà láìní ìwé. Òfin yìí kan náà ní kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tó ọdún 17, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tàbí ọ̀mùtí. Bí kò bá sí ìwé, ẹ má dá kọ́bọ̀.

Ìkejì, páálí dà? Ẹ ní kí ọdẹ fi ihò mẹ́ta hàn yín, èyí tó yìn lórí iyanrìn, àti èyí tó yìn lórí ìdúró. Ẹ ò nílò láti mọ ìbọn. Ẹni tó bá lè mọ kóńgò tó tẹ̀, ó lè mọ páálí kà.

Ìkẹta, owó ẹ̀tù ìdánwò dà? Wọ́n á dá owó ìbọn, wọn kò ní dá owó ohun tí ọdẹ máa fi kọ́ ọwọ́. Ó dà bí kí a ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọmọ, kí a má fún un ní aṣọ gé.

Ìkẹrin, ta ló ń yìn ín sókè? Ariwo òru tí ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, bí sánmà ni wọ́n ń yìn ín sí, ó máa wálẹ̀. Àwọn àgbà sọ̀rọ̀ ẹni tó ta ọfà sókè tó yí odó borí. Òun rí odó tirẹ̀. Odó ta ni ọmọ yín máa yí borí?

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, a kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà wa sọ pé Òjó Ìṣẹ̀kúṣẹ̀, tó jẹ́ ọdẹ, ló ń lọ irin rẹ̀ lórí òkúta kan ní Ìdí-Apẹ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pe ìlú ní ìlọ-irin. Ẹni tó bá fẹ́ wọgbó á kọ́kọ́ wá lọ irin rẹ̀. Orúkọ wa nìyẹn. Ó máa jẹ́ ìtìjú bí ọdẹ Ìlọrin bá ń gbé irin tí kò lọ̀ káàkiri àdúgbò.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, mo gba ilé aládùúgbò wa lọ, ọdẹ tó ta àbúrò mi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kí i láìwo ojú rẹ̀. Mo ṣàlàyé páálí àti iyanrìn fún un. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wọlé, ó gbé ìbọn rẹ̀ jáde, ó ní láti ọjọ́ náà òun kò yìn ín mọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá tún máa yìn ín, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ.” Àbúrò mi ló ní òun máa bá wọn kan tábìlì tí wọ́n máa gbé e lé.

Ẹ̀yin ọdẹ, bí ẹ bá ní èsì, ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ sọ ohun tí àdúgbò yín rí nígbà tí ẹ bèèrè páálí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.